Bí Mo Ṣe Pa Fíríìjì Ìyá Kùmásí Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi ní Ìlobù, ẹ̀yin ará ilé Nàfísàt ní Ìfọ́n, èmi Mùíbátù aránṣọ, tí ẹ ń pè ní Ìyá Zàíd, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mo kọ ọ́ sí, torí mo mọ̀ pé tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ lọ ra òmíràn, ẹ̀rù á ti bà mí kí n tó dé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọdún méjì tó fi bá mi. Ẹ ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Nàfísàt, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ló pa ìyá ọkọ wa. Nàfísàt kọ́. Èmi ni. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò kà á dé ìparí. Bí mo ṣe ṣe é ló kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Mọ́ríátù lorúkọ ìyá ọkọ wa, àmọ́ Ìyá Kùmásí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà lọ́dún 1969. Ó lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún nígbà náà. Ó gbé ẹrù rù, ó padà sí Ìlobù tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ó ń ta aṣọ títí ó fi kọ́ ilé tí gbogbo wa ń gbé. Obìnrin tó lẹ́nu ni, ó sì láàánú. Àìsàn ṣúgà ló dà á láàmú lọ́jọ́ ogbó. Ó kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé òjìji èèyàn nìkan ló ń rí. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní oògùn oníhóró ò ká a mọ́, pé abẹ́rẹ́ ni kó máa gbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa bí a ó ṣe máa fún un sọ ọ́ létí èmi àti Nàfísàt pé kí oògùn náà máa wà nínú fíríìjì, kó tutù, ṣùgbọ́n kó má dì. Ó ní, "Tó bá fi lè dì pẹ́nrẹ́n, bó tiẹ̀ yọ́ padà, agbára rẹ̀ ti lọ nù un. Ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ wá gba òmíràn." Mo gbọ́ ọ ketekete. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwíjàre pé mi ò mọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyáalé ló yẹ kí n máa gún abẹ́rẹ́ náà, àmọ́ àyà mi kì í gbà á kí n gún èèyàn, èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun. Nàfísàt, ọmọ Ìfọ́n, ló ní òun á máa ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé Ìyá á máa bi í pé, "Ṣé o ò tíì gún un ni?" nígbà tó ti parí tipẹ́.

Iná ìjọba ò fi bẹ́ẹ̀ wà nígbà náà, yìnyín la máa ń rà sínú kúlà láti fi tọ́jú oògùn. Hameed, ọkọ Nàfísàt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló ní kí wọ́n gbé sọ́là sórí ilé nítorí ìyá rẹ̀. Ni fíríìjì àgbà tó ti di àpótí ìkóǹkansí lọ́wọ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Ohun kékeré kan wà nínú fíríìjì tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní tẹ́mósítáàtì. Òun ló ń mọ̀ pé inú rẹ̀ ti tutù tó, á ní kó sinmi. Tó bá tún fẹ́ máa móoru, á ní kó dìde. Ti fíríìjì wa ti gbó, kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Tó bá fẹ́ tan, á dún "kẹ́ẹ̀" bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ, fíríìjì á gbọ̀n, àwọn ìgò inú rẹ̀ á máa gbá ara wọn. Tó bá fẹ́ kú, á tún dún, á kùn fún ìgbà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tá á tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú òwú létí. Mo gbìyànjú rédíò. Ọjọ́ kan ó dún nígbà tí síṣọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, mo gé léèsì oníbàárà ní ìgékúgèé, àpò ara mi ni mo fi dí i.

Mo lọ sọ fún Ìyá. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Mùíbátù, ẹ̀rọ tìrẹ ń ké láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣé mo bá a jà rí? Jẹ́ kí fíríìjì mi máa sọ̀rọ̀ tiẹ̀. Èmi ò ríran. Tó bá ti dún báyẹn, mo mọ̀ pé iná wà, mo sì mọ̀ pé oògùn mi tutù. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o." Bàdírù ọkọ mi náà kìlọ̀ fún mi pé fíríìjì ìyá òun ni, kí n fi sílẹ̀. Ṣé ariwo yẹn nìkan ló ń dùn mí? Mo ti ní òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ojoojúmọ́ ni Ìyá ń ṣe àdúrà fún Hameed àti aya rẹ̀ lórí sọ́là yẹn. Ọkọ tèmi tó jẹ́ àkọ́bí, kò sí ohun tó gbé sórí ilé. Gbogbo ìgbà tí nǹkan yẹn bá dún, bí ẹni ń dárúkọ Hameed sí mi létí ni. Ìlara ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí Bàdírù àti Nàfísàt gbé Ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ránṣẹ́ pe Soliu, ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní àdúgbò wa. Ó tú u wò, ó ní tẹ́mósítáàtì ti kú tán, òun máa ra tuntun ní Òṣogbo tí òun bá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní mi ò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé kó ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà mọ dáírẹ́ẹ̀tì: wọ́n á yọ ohun tó ń dá iná dúró kúrò, wọ́n á so wáyà méjèèjì pọ̀, nǹkan á máa lọ láìdúró. Kò sí ilé tí a kì í ti í ṣe é lọ́dọ̀ wa. Soliu mi orí. Ó ní, "Ìyá Zàíd, èyí ò dáa fún fíríìjì tẹ́ ẹ̀ ń kó oògùn sí o. Kò ní sinmi mọ́. Á máa tutù títí á fi di yìnyín, àfi tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ ara yín pa á." Mo ní, "Màá máa pa á." Ó ní, "Ṣé ẹ ò ní gbàgbé?" Mo ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó ń gbàgbé nǹkan lójú tìẹ ni?" Ó ní kí n má bínú. Ó so wáyà náà, ó ní títí òun á fi ra tuntun dé ni o. Kí wọ́n tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo ti gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ilé pa rọ́rọ́. Mo ń ránṣọ, orin ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo ń dìde lọ pa fíríìjì, tó bá pẹ́ díẹ̀ màá tún tan án, kò sẹ́ni tó fura. Ìyá nìkan ló fura, torí etí ni ẹni tí kò ríran fi ń gbé ilé. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Mùíbátù, fíríìjì mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé iná ti lọ ni?" Mo ní, "Iná wà, Ìyá. Àwọn tó gbé sọ́là wá ló yà, wọ́n tún un ṣe." Ó ní, "Oògùn mi ńkọ́, ṣé ó tutù?" Mo ní ó tutù. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tí ìwọ bá ti ní ó tutù, ó tutù nù un." Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń bi mí. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún un láìbéèrè, ẹnu mi ló wá ń dúró dè, ẹ sì ti mọ irú ẹnu tó jẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Soliu so wáyà ni ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Mi ò ní tú ọ̀rọ̀ ìjà náà wò, torí kò sí ìlú kan nínú àwa méjèèjì tí kò ní ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ̀. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni mo tan fíríìjì, mo padà sídìí iṣẹ́. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìbọn lápá ọ̀nà Ìfọ́n. A ti gbogbo ilẹ̀kùn, a kó sínú yàrá Ìyá, a dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Àwọn òbí Nàfísàt àti Husnah ọmọ rẹ̀ wà ní Ìfọ́n lọ́jọ́ náà, ọkọ rẹ̀ wà ní Àbújá, àwọn kan lára wa sì ń wò ó bíi pé òun ló ń yìnbọn. Ìyá ló fà á mọ́ra. Ó ní, "Wọ́n lé èmi náà rí. Kò sẹ́ni tó máa lé ọ nínú ilé mi." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá ò gba abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Bẹ́ẹ̀ ni fíríìjì ń ṣiṣẹ́, kò dún, kò sinmi.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí gbogbo ibi dákẹ́ ni mo rántí. Mo sáré lọ ṣí i. Omi inú ìgò ti di òkúta, tòmátò ti le gbagidi. Ìgò oògùn méjì ló wà níbẹ̀, èyí tí a ń lò àti èyí tí a fi pamọ́. Mo gbé wọn, mo mì wọ́n, wọn ò dún. Ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn sójà sì ti dí ọ̀nà Òṣogbo. Ẹ lè ní kí ni mo lè ṣe. Ohun tí mo lè ṣe pọ̀. Mo lè jí Bàdírù. Mo lè sọ fún Nàfísàt. Àwọn sójà ń jẹ́ kí ẹni tó ń gbé aláìsàn kọjá tí ó bá ṣàlàyé. Mo fi ojú ara mi rí aboyún tí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ, wọ́n á bi mí pé báwo ni fíríìjì ṣe dì. Wọ́n á pe Soliu. Wọ́n á ní ìyáalé ló fọwọ́ kan ohun tí Ìyá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, Nàfísàt á sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó fúyẹ́, kò ní jẹ̀bi nǹkan kan. Mi ò lè fara dà á. Mo fi ìgò méjèèjì sáàárín itan mi lábẹ́ ìró, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo dúró jẹ́ẹ́ bí adìyẹ tó ń sàba. Ó tutù wọ̀ mí léegun. Mo dúró títí ó fi yọ́. Mo nù wọ́n, mo gbé wọn padà, mo pa fíríìjì, mo wá lọ kí ìrun àárọ̀ tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Mo kí i tán, mo sì tún ṣe àdúrà. Mi ò mọ ohun tí mo ń tọrọ.

Nàfísàt wá mú oògùn. Ó fà á sínú abẹ́rẹ́, ó gbé e sókè wò. Ó ní, "Ìyáalé mi, ẹ wò ó, nǹkan bíńtín-bíńtín wà nínú rẹ̀. Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀." Mo ní, "Oorun ṣì wà lójú rẹ. Mi ìgò náà dáadáa, á lọ." Ó mì ín. Ó gbà mí gbọ́ torí èmi ni àgbà. Ó lọ gún un fún Ìyá.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìjà, iye tí ẹ̀rọ ìwọnṣúgà gbé jáde, a ò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá ń mumi láìdákẹ́, ó ń tọ̀ láìdákẹ́, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti ń bàjẹ́. Nàfísàt wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyáalé mi, ó dà bíi pé oògùn yìí ò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bẹ ọkọ yín, kí a bẹ àwọn sójà, ká wá òmíràn." Ẹnu ọ̀nà ìgbàlà ló ṣí sílẹ̀ yẹn, èmi ni mo tì í. Mo ní, "Kì í ṣe oògùn. Máńgòrò ló jẹ. Mo bá èèpo rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Kò sí èèpo kankan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá gbọ́ láti inú yàrá, ó ní, "Mùíbátù, mi ò jẹ máńgòrò o." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ ti gbàgbé ni, Ìyá." Ìyá wá ní, "Ó lè jẹ́ pé mo jẹ ẹ́. Ẹ má bínú sí mi." Obìnrin tó kọ́ ilé tí mò ń gbé ló ń bẹ̀ mí lórí máńgòrò tí kò jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ ti wò mí.

Lọ́jọ́ keje, kò dìde mọ́. Ó ń bì, ó ń mí gúle-gúle. Bàdírù wá ọkọ̀ kiri àdúgbò, kò rí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan nínú ìlú nígbà tí wọ́n fún wa láyè wákàtí mélòó kan. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wọn ṣúgà rẹ̀, ó ní a ti pẹ́ jù, pé Òṣogbo ni. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Ó la ojú tí kò ríran, ó ní, "Mùíbátù, ṣé ó tutù?" Mo ní, "Ó tutù, Ìyá." Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ láyé. Irọ́ ni mo fi sìn ín dé ẹnu ibojì. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni mo ju ìgò méjèèjì sínú ṣáláńgá. Nígbà tí ọ̀nà là, Soliu mú tẹ́mósítáàtì tuntun dé, mo ní kó fi í sí i wéré. Ó ṣiṣẹ́ tán, ó wò mí lójú. Ó ní, "Ìyá Zàíd, ṣé ẹ ń pa á bí mo ṣe sọ?" Mo ní, "Mo ń pa á." Ó ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé mo ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì?" Mo ní, "Tí wọ́n bá gbọ́, ta ni wọ́n máa mú? Èmi ni àbí ìwọ tó o so wáyà?" Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò yà nílé wa mọ́ títí dòní. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Soliu. Ó kìlọ̀ fún mi.

Mo ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀, àmọ́ mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, Hameed ti Àbújá dé, àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ ti ń jà káàkiri ìlú pé báwo ni Ìyá Kùmásí ṣe kú lọ́sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìjà. Bàbá Oyèdèjì, àbúrò bàbá ọkọ wa, ló béèrè pé, "Ta ló ń fún un ní abẹ́rẹ́?" Wọ́n ní Nàfísàt ni. Ó ní, "Ọmọ Ìfọ́n?" Nàfísàt wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́. Bàbá kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá Zàíd, ìwọ lo wà nílé. Kí lo rí?" Gbogbo wọn ń wò mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní mi ò rí nǹkan kan, wọ́n á tún bi ẹlòmíràn, ìbéèrè á máa lọ títí á fi dé ìdí fíríìjì. Mo ní, "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan o. Àfi pé mo rí i tó ń mi ìgò oògùn náà jìgìjìgì kó tó fà á." Mi ò parọ́ níbẹ̀. Ó mì ín lóòótọ́. Ẹnì kan nínú wọn ní, "Kí ló dà sí i?" Mo sì tẹ orí mọ́lẹ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ẹyin lohùn, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ń wò ó bó ṣe ń fọ́.

Wọ́n pe Nàfísàt wọlé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé o mi oògùn náà?" Ó ní, "Mo mì ín, sà." Ó ní, "Nítorí kí ni?" Nàfísàt wò mí. Gbólóhùn kan ni ì bá sọ: ìyáalé mi ló ní kí n mì ín. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò ó, mo sì rí i pé ó fi mí sílẹ̀. Ó rò pé tí òun bá dárúkọ mi, wọ́n á kó èmi náà mọ́ ọn, kí ló dé tí òun á fi kó ìyáalé òun sí wàhálà. Ó ní, "Mo rí bíńtín nínú rẹ̀ ni, sà, ni mo ṣe mì ín." Wọ́n ń wo ara wọn. Hameed bo ojú. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní kó ṣì lọ dúró sílé bàbá rẹ̀ títí ọkàn àwọn èèyàn á fi balẹ̀. Mo bá a di ẹrù rẹ̀. Mo ká aṣọ rẹ̀ dáadáa, bí aránṣọ ṣe ń ká a. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyáalé mi." Hameed ò kọ̀ ọ́, kò sì lọ mú un padà.

Ó ṣì kù. Husnah, ọmọ Nàfísàt, ti di ẹni ọdún méjìlélógún. Ọmọkùnrin kan láti Ìlobù yìí ń fẹ́ ẹ, wọ́n ti mọ ara wọn ṣáájú ìjà, wọn ò sì jẹ́ kí ìjà tú àwọn ká. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà gbà, wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Toyibat, àbúrò ìyá ọmọkùnrin náà, wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó jókòó sórí àga tí mò ń lò yìí gan-an. Ó ní, "Ìyá Zàíd, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá ọmọ náà ló pa ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà nílé. Tẹ́ ẹ bá ní kì í ṣe òótọ́, ọ̀rọ̀ tán." Ọlọ́hun tún fún mi láyè lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Toyibat, èmi ò lè ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ wádìí." Ó dìde, ó ní òun ti gbọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìfọ́n pé yìgì ò wáyé mọ́.

Bóyá ǹ bá ṣì dákẹ́ títí tí wọ́n á fi sin èmi náà. Nàfísàt ló là mí lẹ́nu. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn èèyàn má baà rí i. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ó ṣe máa ń ṣe, ó béèrè Zàíd, ó béèrè ara mi. Ó wá ní, "Ìyáalé mi, ọpẹ́ ni mo wá dá. Wọ́n sọ fún mi pé gbogbo ilé yìí ló ní èmi ni mo pa Ìyá, pé ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó rí mi tó lọ sọ fún Bàbá pé mo mi oògùn, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ọlọ́hun á san án fún yín." Ó tú báàgì rẹ̀, ó mú léèsì funfun jáde, èyí tí Husnah ì bá wọ̀ lọ́jọ́ yìgì. Ó ní, "Ẹ bá mi rán an fún un. Tí kò bá wọ̀ ọ́ fún yìgì, á wọ̀ ọ́ lọ́dún Iléyá. Kò kàn jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìbàdí rẹ̀ kù díẹ̀." Mo gba aṣọ náà. Nígbà tó lọ tán, mo gbìyànjú láti gé e, ọwọ́ mi ò gbà.

Mo sọ fún Bàdírù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ìyá mi ti kú, kò ní jí. Tó o bá lọ sọ èyí ní Ìfọ́n, wọ́n á ní Ìlobù purọ́ mọ́ ọmọ àwọn. Lásìkò yìí tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀? Jẹ́ kó parí síbí, màá bá Hameed sọ̀rọ̀, kó lọ mú un padà láìsọ ìdí." Mo ní, "Ìlobù kọ́ ló purọ́. Èmi ni." Ó ní kí n má ba ilé jẹ́. Mo ní mo ti bà á jẹ́ tipẹ́, pé àwọn èèyàn ò tíì mọ ẹni tó bà á jẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń wọlé ọkọ, ẹ gbọ́. Kì í ṣe fíríìjì ló pa Ìyá, kì í sì í ṣe gbígbàgbé. Ẹni tó gbàgbé, tó sì ké gbàjarè láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á bú u, á sunkún, ọ̀rọ̀ á tán, ìyá arúgbó á sì wà láàyè. Ìbáwí ọjọ́ kan ni mo sá fún. Ẹ wo ibi tó sìn mí dé.

Ẹ̀yin ará ilé ọmọkùnrin náà, ẹ tún padà lọ sí Ìfọ́n. Tí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ náà nítorí ìlú tó ti wá, ẹ ní ìgboyà kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé ìyá rẹ̀ pa èèyàn. Hameed, ìyá rẹ fi ìyàwó rẹ sábẹ́ apá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìbọn ń dún, èmi ni mo lé e. Tí ẹ bá ní kí wọ́n mú mi lọ sí tèṣán, mo ti ṣe tán, mi ò ní bẹ Bàdírù kó gbà mí sílẹ̀. Ìdáríjì Ìyá ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé, ọjọ́ tí a bá pàdé níwájú Ọlọ́hun ni màá tọrọ rẹ̀. Ti Nàfísàt ló kù. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi rìn lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ́n, ẹnu ọ̀nà iwájú ni màá gbà wọlé, màá ka ìwé yìí sókè létí gbogbo wọn. Ìyáalé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. Èmi á kúnlẹ̀ fún un lójú ọmọ rẹ̀. Tó bá ní kí n dìde, màá dìde. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.